Àpò Bébà Tí N Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Sè

Ọjọ́ tí mo bá òyìnbó du àpò bébà ní Lomé, ọjọ́ náà ṣì ń bẹ lọ́kàn mi títí di báyìí.

Ayé ìjọba Faransé ni. Ilé iṣẹ́ òyìnbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ máa ń ra bébà àlòkù, wọ́n á sè é nínú ìkòkò irin ńlá, wọ́n á fi ṣe bébà tuntun tí wọ́n fi ń di ọjà. Inú oko àgbọn ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ ilé yí i ká fún àwa òṣìṣẹ́, ló bá di àdúgbò. Fèrè wọn ló ń jí wa. Ẹni tí wọ́n bá lé lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ náà gan-an ló máa kẹ́rù jáde nílé wọn, èmi sì rèé pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ mẹ́ta àti ìyá arúgbó.

Èmi ni mo ń ṣa bébà kí wọ́n tó sè é. Lọ́jọ́ yẹn, mo tú àpò kan, ìwé Lárúbáwá ló kún inú rẹ̀. Kùránì rèé! N kò kúkú mọ̀ ọ́n kà, ẹgba ti lé mi kúrò nílé kéú láti kékeré. Àmọ́ ọmọ ìmàle wo ló máa la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n máa se kéú bí ẹ̀wà? Mo gbé àpò rù, mo ń fẹ̀yìn rìn, ni mo bá já sínú kòtò tí wọ́n ń rẹ bébà sí. Mo rì dé àyà, àpò ṣì wà lórí mi. Iṣẹ́ dúró. Ọ̀gá òyìnbó sáré dé.

“Sà súfì! Ó tó! Ìdọ̀tí lásán ni, dà á síkòkò!”

“Mùsíyé, ẹ pa mí kí ẹ tó sè é.”

Wọ́n ránṣẹ́ pe ààfáà wá láti Sóńgò, àdúgbò àwa ìmàle. Ó wo ìwé náà, ó wúkọ́, ó wò mí tàánú-tàánú.

“Ọmọ mi, ará Síríà kan ló ń polówó ọṣẹ. Ó ní ó ń hó dáadáa.”

Ẹ̀rín sọ. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Ó dáa. Fọwọ́ ara rẹ da ìdọ̀tí yìí síkòkò, wàá ṣì máa gbé nílé rẹ nìṣó.”

Ó rọrùn, àbí? Ojú ń tì mí, inú sì ń bí mi. Mo gbé àpò náà kalẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Mùsíyé, ẹni tó pè é ní ìdọ̀tí ni kó dà á.”

Kí oòrùn tó wọ̀, a ti ru ẹní àti ìkòkò, ó di ọ̀nà Sóńgò. Bí a ṣe jáde nínú oko àgbọn ni Àwáwù ìyàwó mi bi mí pé:

“Bàbá Ràfíù, ṣé torí ọṣẹ la ṣe ń kẹ́rù yìí?”

“Torí ọṣẹ kọ́.”

Ìyá mi tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló dá a lóhùn: “Torí ẹnu rẹ̀ ni. Bí bàbá rẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn.”

Mo ti kọ́gbọ́n: kéèyàn tó torí ìwé fi ilé rẹ̀ wewu, kó kọ́kọ́ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Mo ń fi ara mi rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ èyí. Àmọ́ bí wọ́n bá tún ní kí n fọwọ́ ara mi dà á, màá tún kẹ́rù ni.