Ìdáhùn Tí Kò Sí Nínú Fáìlì

Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Rùkáyà aládìrẹ kò jìnnà sí Ọjà Ọba ní Òṣogbo. Ibẹ̀ ni Tíṣà Fọláránmi, ọmọ Iléṣà, gbé fáìlì rẹ̀ wá kó lè dán màmá wò. Ìyá Rùkáyà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó wà ńlẹ̀: ẹni tí kò bá gba ìwé ẹ̀rí "Ìdáronú" lọ́wọ́ tíṣà, kò ní í rí àyè pàtẹ nínú ìsọ̀ tuntun tí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà kọ́.

"Màmá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń fi orí ara wọn ronú. Ẹ ò wá."

"Mo ń rẹ aṣọ."

"Ó dáa. Ìbéèrè kìíní: kí ló ń la èèyàn lójú kó lè máa dá ronú?"

Ìyá Rùkáyà rò ó. Ó tún un rò.

"Ó sinmi lórí ẹni náà. Ọkọ mi, ebi ló la tiẹ̀."

Tíṣà wo fáìlì. "Ẹ ò gbà á. Ìtàn, iṣẹ́ ọnà, àti ọkàn tó gbòòrò."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Fáìlì."

"Fáìlì náà ló dá a rò?"

"Màmá, èmi ni mò ń bi yín."

Ó fa àwòrán aṣọ àdìrẹ kan yọ. Ẹyẹ àti ewé kún inú aṣọ náà. Igun kan ṣoṣo ló ṣófo.

"Ìbéèrè kejì: kí ni igun tó ṣófo yìí ń sọ?"

"Pé ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń ya aṣọ tán. Ewúrẹ́ Kifayat, aládùúgbò mi, ló jẹ láfún tí mo fẹ́ fi ro òmíràn."

"Rárá o. Ìdákẹ́jẹ́ àwọn baba ńlá wa ni."

"Èmi ni mo ya aṣọ yẹn."

"Ó ṣeé ṣe. Ẹni tó yà á lè má gbọ́ ohun tó ń sọ."

"Ewúrẹ́ yẹn ńkọ́? Ṣé ó gbọ́?"

Tíṣà kọ òdo sílẹ̀. "Ọ̀kan ló kù, Màmá. Tẹ́ ẹ bá tún kùnà, ó parí nìyẹn."

Ìyá Rùkáyà wo àwọn aṣọ tó sá sórí okùn.

"Ìbéèrè kẹta: ẹ sọ ìtàn ọlọ́gbọ́n kan, kí ẹ sì sọ ọgbọ́n inú ẹ̀."

"Bí ìyá mi ṣe ń sọ ọ́ lábẹ́ òṣùpá ni n ó ṣe sọ ọ́. Àwọn mẹ́ta kan wà ní Iperindo. Ọ̀kan ní ilẹ̀, kò ní ọkọ́. Ọ̀kan ní ọkọ́, kò ní agbára. Ẹnì kẹta ní agbára, kò ní nǹkan mìíràn. Alágbára yá ọkọ́, ó gbẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀, ló bá kan wúrà. Ta ló ni wúrà?"

Tíṣà ṣí fáìlì síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn.

"Kí ni ìdáhùn, Màmá?"

"Kò sí níbẹ̀?"

"Onílẹ̀ ni."

"Orí wúrà yẹn ló ń sùn láti kékeré. Kò mọ̀."

"Ọlọ́kọ́ ni, nígbà náà."

"Ọkọ́ tó ti dógùn-ún lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

"Alágbára. Òun ló làágùn."

"Bí òógùn bá ń mú wúrà jáde, ǹ bá má rẹ aṣọ mọ́."

Ó padà sídìí ìkòkò aró, ó ki aṣọ bọ̀ ọ́, ó fà á yọ, ó sá a. Ìgbà tó máa bojú wẹ̀yìn, tíṣà ti lóṣòó.

"Ẹ parí ẹ̀, Màmá. Mi ò ní dìde."

"Àwọn Òṣómàáló baba yín, owó aṣọ àwìn ni wọ́n ń lóṣòó gbà. Ìwọ, ìparí ìtàn."

"Ìtàn gbọ́dọ̀ parí."

"Ìyá mi ò parí ẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a óò máa bá ara wa jiyàn lé e lórí títí dé odò. Mo ṣì ń rò ó."

Oòrùn yí. Ìlóṣòó sú tíṣà. Ó pa fáìlì dé, ó sì fi ṣe ìjókòó.

"Màmá."

"Hùn-ún."

"Ta ló ní kí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀?"

Ìyá Rùkáyà gbàgbé aṣọ sínú aró. Gbogbo ọmọ àti ọmọ ọmọ tó ti sọ ìtàn yìí fún, kò sẹ́ni tó béèrè bẹ́ẹ̀ rí.

"Ta ló kọ́ ẹ ní ìyẹn?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Kò sí nínú fáìlì?"

"Mo jókòó lé e, Màmá."

Tíṣà dìde, ó fa ìwé ẹ̀rí kan yọ, ó buwọ́ lù ú. "Ẹ tẹ̀ka síbí." Ìyá Rùkáyà ti àtàǹpàkò bọ aró, ó tẹ̀ ẹ́.

"Òmíràn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Ó wà. Ta lẹ fẹ́ gbà á fún?"

Ìyá Rùkáyà gbà á, ó tún ti ìka bọ aró, ó tẹ ìyẹn náà, ó sì nà án sí i.

"Gbà. Ìwọ náà yege. Má kàn fi í sínú fáìlì."