Ọjọ́ Tí Wọ́n Fi Oríkì Mi Sunkún Nínú Tẹlifíṣọ̀n

Sàbíátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ aláwọ̀n ńlá, ọmọ ọlọ́kọ̀ tí kì í bẹ̀rù ìgbì, ọmọ ajífomi-ọ̀sà-bọ́jú. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, ìyá mi sì ni wọ́n, nítorí àwọn ló tọ́ mi. Mo ṣì ń rákò nígbà tí ìyá wa kú. Mùìnátù àti Gàníyù tó wà láàárín wa náà kò pẹ́ láyé. Èmi àti Àǹtí Sàbíátù nìkan la ṣẹ́ kù. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń kì mí kí n tó mu ògì: "Àkànní, ọmọ aláwọ̀n ńlá, dìde, ilẹ̀ ti mọ́."

Mo jókòó láti kọ nǹkan gidi nípa wọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí mo bá ti tì í sẹ́yìn, á tún sáré bọ́ síwájú, á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, bóyá á jẹ́ kí n gbádùn.

Ogun ti parí nígbà náà, a ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ná náírà. Nínú agboolé wa ní Ẹnu Ọwá, tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà, ti Àlájì Rùfáì télọ̀. Ó ní ìlẹ̀kùn, ó ní kọ́kọ́rọ́, Àlájì a sì máa ṣí i bí ẹni ṣí àpótí góòlù. Èmi ń bá Àǹtí ta abọ́ ní Apọ́ngbọ̀n, ṣùgbọ́n ọkàn mi wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ òṣèré Ọ̀gá Kọ́lápọ̀, níbi tí mo ti ń gbé àpótí ẹrù. Bí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ṣe fún Ọ̀gá ní eré kan ṣe nìyẹn, Ọ̀gá bá ní kí n wá ṣe ẹni tí wọ́n pa.

Nínú eré náà, ọ̀rẹ́ méjì ló ní ọkọ̀ ojú omi kan. Ọ̀kan fẹ́ gba ìyàwó èkejì, ó bá tì í sínú ọ̀sà. Nígbàkígbà tí ọ̀dàlẹ̀ náà bá ti jókòó sí ìdí oúnjẹ, òkú yẹn á dé, omi á máa kán tó-tó-tó lára rẹ̀, á jókòó síwájú rẹ̀, á máa wò ó títí tí orí rẹ̀ fi dà rú. Èmi ni mo ṣe òkú. Fẹlíìsì, ọmọ Pópó Àgùdà, ló ṣe ọ̀dàlẹ̀. Akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni Fẹlíìsì yìí, bó bá ṣèèṣì tẹ adìẹ lẹ́sẹ̀, á bẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ya eré náà, Sìsí Dọ̀tun tó fẹ́ sunkún òkú béèrè pé, "Oríkì ta ni kí n lò? Òkú tí ò ní oríkì, báwo ni mo ṣe fẹ́ sunkún ẹ̀?"

Ọ̀gá ní kó fi èyíkéyìí tó bá rí sí i. Ẹ ṣáà mọ̀ mí, èmi tí mo máa ń ti ìka bọ ihò akàn láti mọ̀ bóyá ó wà nílé. Ó ṣe mí bí i kí n gbọ́ bí ẹkún mi yóò ṣe rí. Mo ní, "Sìsí, ẹ lo tèmi." Mo kà á fún wọn látòkèdélẹ̀. Wọ́n tẹ́ mi sílẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun wé mi, Sìsí bẹ̀rẹ̀: "Àkànní o, ọmọ aláwọ̀n ńlá, o lọ…" Ó dùn débi pé omi bọ́ lójú èmi òkú. Ọ̀gá pariwo, "Òkú kì í sunkún! Ẹ tún un yà!"

Mo délé, mo ní, "Àǹtí, ẹ wo tẹlifíṣọ̀n nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè o, ẹ máa rí mi."

"Kí lo fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ ṣáà máa wò ó."

Nígbà tí Sọ́ńdè pé, ilé Ọ̀gá ní Súrùlérè ni gbogbo àwa òṣèré ti wò ó. Nígbà tó parí, Ọ̀gá fún mi ní aṣọ funfun tí wọ́n fi wé mi, aṣọ tó dára, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi rán bùbá. Mo fi kọ́ èjìká. Fẹlíìsì ní òun á sìn mí délé. Bọ́ọ̀sì já wa sí Apọ́ngbọ̀n, oòrùn kò tíì wọ̀.

Ebi ń pa wá, a bá yà lọ́dọ̀ Ìyá Rámótù tó ń dín dùńdún níwájú ṣọ́ọ̀bù tó ní tẹlifíṣọ̀n. Ìyá wo Fẹlíìsì. "Ìwọ, sún sẹ́yìn. Èmi ò ta dùńdún fún ọ̀dàlẹ̀." Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n na dùńdún sí mi láti òkèèrè: "Ẹ gbà, ẹ jẹun, ẹ má bínú. Ebi á ti pa yín níbi tí ẹ ti ń bọ̀." Obìnrin tó lè bí mi lọ́mọ ń pè mí ní ẹ̀yin! Mo gba dùńdún. Mo rò pé òkìkí ti dé nìyẹn.

Bí a ṣe ń rìn wọ Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn ọmọdé rí wa, wọ́n túká. Àwọn obìnrin tó ń pọnmi lẹ́nu ẹ̀rọ fi korobá sílẹ̀. Èmi ń juwọ́ sí wọn bí i gómìnà. Fẹlíìsì ní, "Ṣé kì í ṣe nítorí aṣọ yẹn?" Mo ní, "Aṣọ wo?" Ẹ wò ó, mo gbé aṣọ òkú mi kọ́ èjìká gba àárín ìlú kọjá, n ò mọ̀!

Àlájì Rùfáì ló wà lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwọ ọmọ yìí, mo ti ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n ẹ títí ẹnu mi fi gbẹ." Àǹtí Sàbíátù jáde, orí wọn ò ní gèlè. Wọ́n wò mí, wọ́n wo aṣọ, wọ́n wo Fẹlíìsì. Wọ́n fa omorogùn yọ nínú ìkòkò, ó di eré. Fẹlíìsì fò kọjá lórí ewúrẹ́, ó kó sábẹ́ àwọn aṣọ tí Àlájì fi kọ́.

"Àǹtí, akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni mí o!"

"Orin lo kọ tí o fi tì í sómi?"

Mo di wọ́n mú. "Àǹtí, eré ni."

Wọ́n dúró. "Mo mọ̀ pé eré ni. Ojú mi ò fọ́. Omi yẹn, eré ni. Ikú yẹn, eré ni. Oríkì tí obìnrin yẹn ń pè lé ẹ lórí ńkọ́? Èmi ni mo fi ń jí ẹ láràárọ̀, wọ́n wá fi tẹ́ ẹ sílẹ̀. Orí tó gbọ́ orúkọ ara ẹ̀, ṣé ó mọ̀ pé inú tẹlifíṣọ̀n ni?"

Títí dòní, mo ṣì ń rò ó: ṣé orí mọ̀?

Àlájì ní, "Sàbíátù, kò sí èyí nínú ẹ̀sìn wa." Wọ́n ní, "Àlájì, ẹ jẹ́ kí n gba ọmọ mi ná."

Wọ́n ní kí n padà lọ sí orí ìta. Kí n máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láìdé fìlà, kí Fẹlíìsì, ẹni tó tì mí sómi, di apá mi mú bọ̀ wálé. Àwọn á máa pè mí láti ẹnu ọ̀nà, kí n máa dáhùn. Ohun tí wọ́n pè lọ, pípè la ó pè é bọ̀. Gbogbo Ẹnu Ọwá ti jáde wá wò wá.

"Àkànní o!"

Kí n tó la ẹnu, bàbá arúgbó kan tí òun náà ń jẹ́ Àkànní, tó ń tòògbé lórí bẹ́ǹṣì iwájú mọ́ṣáláṣí, ta jí. "Hóò! Ta ló ń pè mí?"

Ìta bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí lanu: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sùn! Ẹ má bá mi gba orí ọmọ mi lọ!"

"Sàbíátù, orí tèmi tó mi!"

A bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín pa mí, wọ́n ní kí n tún padà. Ìgbà tí a tún un ṣe ni mo wá wo ọwọ́ wọn. Wọ́n di etí ìró mú bí ẹni tó di etí ọkọ̀ mú lójú ìjì. Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi. Wọ́n ń kì mí, mo ń dáhùn, n ò fo ẹyọ kan. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi lórí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ìwọ nìkan ni mo ní," wọ́n sọ ọ́ wẹ́rẹ́, èmi nìkan ló gbọ́. Wọ́n wá pariwo: "Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ẹ ti jẹun?"

Àǹtí ò jẹ́ kí aṣọ funfun yẹn wọlé. Fẹlíìsì ló gbé e lọ, ó fi rán aṣọ akọrin. Èmi lọ bá Ọ̀gá Kọ́lápọ̀ pé n ò kú mọ́. Ó ní, "Òṣèré tí ò lè kú, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" Ó wá sọ mí di ọlọ́pàá, ó sọ mí di máígádì, ó sọ mí di dókítà tó ń wá sọ pé ẹlòmíràn ti kú. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣeré, n ò kú lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹkún òun yóò ṣe rí, kó wo ojú ẹni tí yóò sun ún, kó yáa pa ẹnu mọ́. Ní gbogbo ìgbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, Àǹtí a máa ní, "Sọ ti bàbá oníbẹ́ǹṣì yẹn fún mi." Mo bá sọ ọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi dé. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ẹ̀rín tí ò wọ inú.

Òwúrọ̀ Jímọ̀ ni wọ́n kú. A sin wọ́n kí ìrun Àsárì tó pé.