Àwòrán Sísọ́ọ̀sì Tí Kò Délé

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní Mo-Mọ̀-Tán nílé. Áàpù ló ń ṣe, nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ aránṣọ, láàárín ẹ̀rọ ìránṣọ àti agolo bọ́tìnì. Áàpù náà ń to orúkọ àwọn aránṣọ àdúgbò, ó sì ń lọ mú àwòrán kékeré kan wá láti wẹ́bùsáìtì kálukú wọn. Aago mẹ́rin ni ọ̀gá ilé-ìwé kan máa wò ó, kó fi yan ẹni tó máa rán yunifọ́ọ̀mù wọn. Aago mẹ́ta àbọ̀ sì ti kọjá.

"Àbúrò mi, gbogbo aránṣọ ló ní àwòrán. Sísọ́ọ̀sì pupa tèmi dà? Àpótí òfìfo ni mo rí."

"Ẹ fara balẹ̀, Àǹtí. Wẹ́bùsáìtì yín ló ń ṣe wèrè. Iṣẹ́ tèmi ò lábùkù."

"Wèrè báwo?"

"Áàpù mi dé àdírẹ́sì wẹ́bùsáìtì yín àtijọ́. Wọ́n ní, 'A ti kó lọ sí tuntun.' Ó lọ sí tuntun."

"Ó débẹ̀ nìyẹn."

"Tuntun ní, 'A ti kó padà sí àtijọ́.'"

Aránṣọ yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu. "Kí ló wá ṣe?"

"Ó padà. Ó tún lọ. Ó di ogún ìgbà. Mo ti sọ fún un pé tó bá ti pé ogún, kó jókòó jẹ́ẹ́."

"Ogún? Èmi, lẹ́ẹ̀kejì ni màá ti bèèrè ẹni tó ń kọ ìkọkúkọ sára ilẹ̀kùn."

"Kọ̀ǹpútà kì í bèèrè bẹ́ẹ̀, Àǹtí."

"Ìwọ náà kì í bèèrè?"

Mo-Mọ̀-Tán rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ jẹ́léósinmi. Ó ṣí àkọsílẹ̀ tó ń sọ ẹni tó fọwọ́ kan wẹ́bùsáìtì náà. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Kí lo rí?"

"Ẹni tó ní kí wọ́n máa lọ sí tuntun... èmi ni. Lọ́dún tó kọjá."

"Ẹni tó ní kí wọ́n padà ńkọ́?"

"Ó jọ pé tuntun bàjẹ́ lóṣù tó kọjá. Ẹnì kan wá darí wọn padà, fún ọjọ́ méjì péré. Ó wá gbàgbé."

"Ẹnì kan wo?"

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́."

"Ẹnì kan wo?"

"Ẹni tẹ́ ẹ ń fún lóúnjẹ ọ̀sán nínú yàrá yìí."

Ó pa ìlà kan ṣoṣo tó ń darí wọn padà rẹ́. Sísọ́ọ̀sì pupa yọ síwájú orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Aránṣọ mí kanlẹ̀. "Ẹnì kan tiẹ̀ kọ̀wé sí mi láti orí wẹ́bùsáìtì yẹn láàárọ̀. Kò forúkọ sí i. Ó ní ẹni tó ń bá mi tọ́jú ẹ̀ ò mọṣẹ́ rárá."

Mo-Mọ̀-Tán ń wolẹ̀. "Èmi ni mo kọ ọ́, nígbà tí áàpù mi ò rí àwòrán yín mú. Mo rò pé ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tá a háyà àyè wẹ́bùsáìtì lọ́wọ́ wọn ló máa lọ."

"Ìwọ ni?" Aránṣọ wo fóònù rẹ̀. "Mo mà ti fèsì. Mo ní kó wá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ Ajé."