Ohùn Ẹ̀gbọ́n Mi Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́ kan ò ní tán lọ́kàn mi láéláé, ọjọ́ tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi mú àlejò láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó kó lè gbọ́ ìtìjú mi.

Ọkùnrin tó ń ṣa orin àtijọ́ jọ ni àlejò náà, àdúgbò Arákalẹ̀ ní Àkúrẹ́ ló ti wá mi kàn. Àwo kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ orin ìbílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi dá sílẹ̀ ṣe kó tó kú. Ọkùnrin yìí ti gbọ́ pé a kọ́kọ́ gba àwọn orin náà sí kásẹ́ẹ̀tì nínú kíláàsì ilé ìwé kan, ká tó mọ ọ̀nà sítúdíò. Ó ní àwọn tó ń kó àwo jọ ń wá irú rẹ̀ bí ẹni ń wá góòlù, òun á sì fi ṣe àwo tuntun kí orúkọ ẹ̀gbọ́n mi má baà parun.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni mo ń lù nínú ẹgbẹ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó bi mí léèrè, mo ní èmi gan-an ni mo ń dá orin, ẹ̀gbọ́n mi kàn ń gbè é ni. Òkú ò kúkú lè jiyàn.

Ní Bọ́lọ́rundúró, lójú ọ̀nà Oǹdó níbi tí kásẹ́ẹ̀tì náà wà, ọkọ̀ rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀. Èmi olórin ńlá sọ̀ kalẹ̀, mo tì í, táyà sì fi ẹrẹ̀ kun agbádá funfun tí mo yá wọ̀. Bí a ṣe dé Oǹdó nìyẹn.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ìyá Bọ́lá, kúnlẹ̀. "Ọkọ mi Akọ́wé, ẹ káàbọ̀." Bó ṣe ń pè mí nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé, nítorí ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé. Ó mú kásẹ́ẹ̀tì náà jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí, ó ti fi bùbá ọkọ rẹ̀ wé e. Rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti bàjẹ́ láti ìgbà tí ìlú ti le, kò sì rówó tún un ṣe. Ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn tí kò gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó mú un lọ."

Bí àlejò ṣe gbé e sókè ni mo rí bébà tí wọ́n fi dí ihò méjèèjì tó wà létí kásẹ́ẹ̀tì náà. Ẹ̀gbọ́n mi ló fọ́ ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà lè gba nǹkan mìíràn lé orin rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì tuntun di ọ̀wọ́n gógó, gbogbo wa la mọ ọgbọ́n bébà: wàá jẹ ẹ́ lẹ́nu, wàá kì í bọ ihò, ẹ̀rọ á sì gba ohun tó o bá fẹ́. Mo wá rántí kásẹ́ẹ̀tì kan tí kò lórúkọ, tí mo yọ́ mú nílé yìí nígbà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo sì yọ́ dá padà.

Àlejò tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. "Hẹ́lò, tẹ́sìn, tẹ́sìn." Ohùn mi ni. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ orin ìkórè, mò ń ké bí ewúrẹ́ tí òjò ń pa. A yí i sí apá kejì, èmi náà ni.

Ó kù díẹ̀ kó tán ni orin mi dá. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi jáde, ó ń bínú: "Ẹ dúró, ẹ dúró! Oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yìí tún ti bà á jẹ́." Kásẹ́ẹ̀tì tán.

Àlejò yíjú sí mi. "Bàbá, ta ni oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀?"

Ojú tì mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ìyá Bọ́lá ní kí wọ́n yí i padà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbọ́ gbólóhùn yẹn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Lẹ́yìn náà ló pe orúkọ àbísọ mi gbàgà.

"Máa lọ ilé ẹ," ló wí.

Ẹ̀kọ́ mi ò ju pé kéèyàn kọ́kọ́ gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì kó tó gba nǹkan lé e, kó má sì purọ́ mọ́ òkú, torí ẹ̀gbọ́n tèmi jiyàn. Bí mo bá rántí, ẹ̀rín a máa pa mí. Ṣùgbọ́n títí dòní, orúkọ mi náà ni ìyá Bọ́lá ń pè.