Òmùwẹ̀ Kò Kí Àkèré

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, "Kì í ṣe gbogbo ẹni tó dorí kodò ló ń kí ni"? Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ mọ̀ fún mi ná. Kí ni ẹ fi ń mí? Imú. Ó dára. Òmùwẹ̀ ńkọ́, kòkòrò dúdú ńlá inú ọ̀gọ̀dọ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí igbá tí wọ́n fi epo pa? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Àkèré náà kò mọ̀ ọ́n.

Àkèré ni baálẹ̀ ọ̀gọ̀dọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá kọjá lójú rẹ̀ láìdọ̀bálẹ̀, inú á bí i títí ọ̀fun rẹ̀ á fi wú. Ẹja kò sì kí i rí.

Lọ́jọ́ kan, Òmùwẹ̀ fò wá láti inú omi kan tó ti gbẹ. Ó bọ́ sódò níwájú ewé òṣíbàtà tí Àkèré jókòó lé, ó dorí kodò, ó na ìdí sókè.

"Hẹ̀n-ẹ́n! Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ dé! Dìde, ọmọ mi."

Òmùwẹ̀ rì lọ sísàlẹ̀. Kò pẹ́, ó tún gòkè, ó tún dorí kodò. Inú Àkèré dùn débi pé kò mọ ìgbà tó fi àwọn légbénlègbé, àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì lẹ́sẹ̀, sí ìtọ́jú Òmùwẹ̀.

Àṣàbí, ìyàwó rẹ̀, ní, "Baálé mi, àwọn ọmọ wa ń dín kù o."

"Wọ́n lọ ṣeré ni."

"Ọmọ tí kò lẹ́sẹ̀? Òmùwẹ̀ ń jẹ wọ́n!"

"Ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún mi láàárọ̀, lọ́sàn-án? Ìwọ alára, ìgbà wo lo kúnlẹ̀ kí mi kẹ́yìn?"

"Èmi àkèré? Láti ìgbà tí ẹ ti fẹ́ mi, ìgbà wo ni mo nàró rí?"

Inú bí Àkèré. Ó ní kí Òmùwẹ̀ kúkú máa sùn láàárín àwọn ọmọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ kan ṣoṣo ló kù, ìrù rẹ̀ sì wà lẹ́nu Òmùwẹ̀. Àṣàbí bẹ́ mọ́ ọn, ó já ọmọ náà gbà.

Àkèré kígbe, "Òmùwẹ̀! Ìwọ tó ń kí mi!"

Òmùwẹ̀ fi ìbínú dáhùn: "Ta ló kí yín? Ìdí ni mo fi ń mí! Mo gòkè wá gba afẹ́fẹ́, ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ ń súre fún ìdí mi! Ṣé mo bẹ̀ yín ni?"

Àṣàbí pọn ọmọ tó kù, ó gba inú omi mìíràn lọ. Ohun tó sọ kó tó lọ nìyí: "Baálé mi, kì í ṣe gbogbo ẹni tó dorí kodò ló ń kí ni; òmíràn ń mí ni."

Ó yá, iṣẹ́ yín rèé. Lọ́la, ẹ lọ lóṣòó sétí ọ̀gọ̀dọ̀. Bí Òmùwẹ̀ bá na ìdí sókè, ẹ wo bí afẹ́fẹ́ ṣe máa lẹ̀ mọ́ ọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a lóhùn o.