Èmi àti Ọkọ̀ Amẹ́ríkà Tí Bàbá Wàsíù Fi Sílẹ̀

Ọjọ́ kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi, àní bí mo bá gbàgbé orúkọ ara mi. Lọ́jọ́ náà, ìdajì ara mi wà nínú ọkọ̀, ìdajì kejì ń fì lójú fèrèsé, níwájú gbogbo ayé, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà ńlá kan ní Surrey Quays, ní London. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún dáadáa nígbà yẹn, mo ti lọ sí Mẹ́kà, Alhaja sì ni wọ́n ń pè mí ní gbogbo Peckham. Ẹ wá wo ohun tí ojú Alhaja rí.

Ọkọ mi, Bàbá Wàsíù, ló ni ọkọ̀ náà. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. N kò ní dárúkọ irú ọkọ̀ tó jẹ́, kí àwọn tó ṣì ní irú rẹ̀ má baà sọ pé mo ń ba òkú lórúkọ jẹ́, torí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti kógbá sílé tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí Bàbá Wàsíù wà lọ́mọdé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, oníṣòwò gẹdú kan ládùúgbò wọn ń gun irú ọkọ̀ yìí. Bó bá ti ń kọjá, gbogbo ọmọdé á sáré tẹ̀ lé e, wọ́n á máa jẹ eruku rẹ̀. Ọkọ mi búra pé lọ́jọ́ kan òun náà á ní in. Ó dé London, ó ń wa bọ́ọ̀sì, ó ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀, títí ó fi rí ọ̀kan rà lọ́wọ́ sójà Amẹ́ríkà kan tó ń padà sílé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìròyìn jáde pé wọn ò ní ṣe irú ọkọ̀ náà mọ́. Ọkọ mi ò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo bi í pé ṣé ilé iṣẹ́ náà bá a tan ni.

Apá òsì ni stíárìn ọkọ̀ náà wà, gẹ́gẹ́ bíi ti Nàìjíríà. Ní London ńkọ́, apá ọ̀tún ni awakọ̀ ń jókòó sí. Nítorí náà, ẹni tó bá wà lápá òsì kì í rí iwájú tó bá fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì kọjá. Èmi tí mo wà lọ́tùn-ún ni mo jẹ́ ojú fún un. Á bi mí pé, "Ìyá Wàsíù, ṣé kí n máa bọ̀?" Èmi náà á yọrí, màá ní, "Ẹ dúró, ẹ dúró ná. Ó yá, ẹ máa bọ̀." Èmi ni mò ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Bí a bá jà nílé, ó di dandan ká parí ẹ̀ ká tó jáde, torí ọkọ̀ yẹn kì í ṣe ti tọkọtaya tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀.

Bàbá Wàsíù wá kú. Ọkọ̀ dúró sínú gáréèjì lábẹ́ ilé wa. Wàsíù, àkọ́bí wa, ń gbé ní Milton Keynes pẹ̀lú ìyàwó àtàwọn ọmọ, bó bá sì ti pè mí lọ́jọ́ Sunday, ọ̀rọ̀ kan náà ni: kí a fún àwọn tó ń ra irin àlòkù ní ọkọ̀ yẹn, kí n sì wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn. Ire ló ń rò fún mi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbẹ̀ rí. Láàárọ̀, tọkọtìyàwó á lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ á lọ sílé ìwé, èmi á wá jókòó máa wo ògiri. Bí n ó bá dá wà náà, ẹ jẹ́ kí n dá wà ní Peckham, níbi tí mo ti mọ ọ̀nà mọ́ṣáláṣí.

La bá ṣe àdéhùn. Bí mo bá lè wa ọkọ̀ náà lọ síbi àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT, kí n sì wà á padà sílé, kò ní sọ̀rọ̀ Milton Keynes mọ́. Bí n kò bá lè ṣe é, ọkọ̀ á lọ, èmi náà á di ẹrù mi. Ó bá mi gbé bátìrì tuntun sí i, kó má baà jẹ́ pé ó rẹ́ mi jẹ.

"Ẹ̀yin nìkan o, Mummy," ló wí. "No Uncle, no Aunty."

Mo ní mo ti gbọ́. Ṣé mo ní láísẹ́ńsì, mo sì ti wa ọkọ̀ kékeré kiri nígbà tí mò ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Kí ló lè le níbẹ̀?

Lọ́jọ́ náà, mo múra bí ẹni ń lọ síbi ìkómọ. Mo ṣí gáréèjì, mo wọ ọkọ̀, mo de bẹ́líìtì, mo gbé báàgì lé itan, mo sì jókòó. Mo jókòó títí. Aládùúgbò mi kan, obìnrin òyìnbó tó ń da ìdọ̀tí nù, bẹ̀rẹ̀ wò mí, ó bi mí bóyá mò ń dúró de ẹnìkan. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé apá ọ̀tún ni mo jókòó sí, níbi tí mo máa ń jókòó sí, tí mo sì ń retí kí olóògbé wá tan ọkọ̀. Mo dá a lóhùn pé rárá, n kò retí ẹnikẹ́ni. Ó dùn mí wọra bí mo ṣe sọ ọ́. Ìjókòó iwájú ọkọ̀ náà gùn gbọọrọ bíi bẹ́ńṣì, mo bá rọra fà lórí rẹ̀ lọ sápá òsì, mo ṣe bísímílà, mo sì tan án.

N kò tíì rìn jìnnà tí bọ́ọ̀sì kan fi wọ iwájú mi ní Queens Road. Ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì náà nìkan ni mò ń rí. Mo gbọ́ tí ẹnu ara mi ń sọ pé, "Ṣé kí n máa bọ̀?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ni mo bá kúkú tẹ̀ lé e. Bó bá dúró gbérò, èmi náà á dúró. Bó bá gbéra, èmi náà á gbéra. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń fọn fèrè, wọ́n ń la ojú sí mi bí wọ́n bá ń kọjá. Ní ibùdókọ̀ kan, bàbá kan wo apá ọ̀tún ọkọ̀ mi, kò rí awakọ̀, ọkọ̀ sì ń rìn. Ó gbé ọwọ́ lé àyà. Mo juwọ́ sí i láti apá kejì kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, ìyẹn gan-an ló wá dá kún ẹ̀rù rẹ̀. Bí èmi àti bọ́ọ̀sì ṣe jọ dé Surrey Quays nìyẹn.

Mẹkáníìkì tó máa ń yẹ ọkọ̀ náà wò, ọmọ Ghana kan tó mọ ọkọ mi dáadáa, kí mi kú àmúmọ́ra. Ó gbé ọkọ̀ sókè, ó tanná wo abẹ́ rẹ̀, ó ní ó yege. Ó kàn kìlọ̀ fún mi pé kí n ṣọ́ iná ẹ̀yìn, torí bó bá fọ́, kò sẹ́ni tó ń ṣe òmíràn mọ́. Ó ní ọkọ mi máa ń retí oṣù lórí oṣù kí wọ́n tó bá a yọ ọ̀kan lára ọkọ̀ tó ti kú ní Amẹ́ríkà. Mo dúró, mò ń ro ọ̀rọ̀ náà. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti kú, ẹni tó rà á ti kú, ó wá ku ọkọ̀ àti èmi.

Ó yẹ kí n gba ilé lọ. Ṣùgbọ́n yíyege náà ń gùn mí. Mo ní kí n yà ra kéèkì kékeré kan nílé ìtajà tó wà nítòsí, kí n gbé e sílé, kí n fi bá ara mi yọ̀. Ọ̀pá kan ló dí ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì lára ẹ̀rọ kan, kó gba tíkẹ́ẹ̀tì, kí ọ̀pá náà tó gbéra. Apá ọ̀tún ni ẹ̀rọ ọ̀hún wà.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo yí ọkọ̀ ká, mo tẹ bọ́tìnnì, mo gba tíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gbéra. Kí n tó yí i ká padà, kí n wọlé, kí n de bẹ́líìtì, ọ̀pá ti wálẹ̀. Mo tún un ṣe, ó tún wálẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ti tò lẹ́yìn mi. Ọgbọ́n kan bá sọ sí mi. Mo fà lórí ìjókòó lọ sápá ọ̀tún, mo sọ fèrèsé kalẹ̀, mo na ọwọ́ jáde. Kò tó o. Mo na èjìká, mo na àyà. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo já tíkẹ́ẹ̀tì gbà, ọ̀pá gbéra. Mo fẹ́ padà sínú, ìdí kọ̀. Ìbàdí tí Bàbá Wàsíù fi ń yangàn nígbà ayé rẹ̀ ti há sójú fèrèsé.

Òyìnbó kan sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn. Ó rí mi lápá ọ̀tún, ó rò pé èmi ni mo wà nídìí stíárìn, ó bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́, kí n máa wa ọkọ̀ lọ. Mo sọ fún un pé kì í ṣe èmi ni awakọ̀. Ó béèrè pé awakọ̀ wá dà. Mo ní ó ti kú. Ọkùnrin náà padà sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó rọra tilẹ̀kùn, kò fọn fèrè mọ́.

Ibẹ̀ ni mo wà tí obìnrin kan fi gbé ẹrù ọjà rẹ̀ dé. Aláṣọ funfun ni, ó wọ sùtánà, ó sì ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ tútù bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Kò ju ẹgbẹ́ àbígbẹ̀yìn mi lọ. Ó fi ètè mú ẹ̀rín, mo rí i. Ó ní, "Mummy, ẹ má mira." Ó gba apá òsì wọlé, ó fi orúnkún rìn lórí ìjókòó, ó gbá mi nídìí mú. Ó ń pe Jésù, èmi ń pe Allah. N kò mọ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ nínú àdúrà wa, mo kàn rí i pé mo já sẹ́yìn lé e lórí. Nígbà tí a dìde tán, èmi padà sídìí stíárìn, òun yí wá sọ́tùn-ún, ó bá mi tẹ ẹ̀rọ náà, ó kó ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì jókòó tì mí. N kò bẹ̀ ẹ́ pé kó wọlé.

Mo wá àyè, mo pa iná ọkọ̀. Ìjókòó apá ọ̀tún yẹn ti jìn sínú díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kàn án.

"Mummy, ta ló máa ń jókòó síbí?"

"Èmi ni," mo wí.

Ẹkún bá gbà mí lẹ́nu. Kò sọ pé kí n ṣe sùúrù, kò sọ pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, ọ̀rọ̀ tí mo ti gbọ́ títí etí mi fi kún. Ó kàn já ọ̀rá ìpékeré kan nínú ẹrù rẹ̀, ó gbé e sáàárín wa, a sì jẹ ẹ́ tán. N kò rántí kéèkì mọ́.

Àdúgbò Aylesbury ló ń gbé, mo ní màá gbé e dé Walworth Road. Òun ló bá mi fi tíkẹ́ẹ̀tì sẹ́nu ẹ̀rọ tí a fi jáde. Ní Old Kent Road, bọ́ọ̀sì tún dí wa, mo kọ́ ọ lóhun tí á ṣe. Ó yọrí, ó wò ó, ó ní, "Ó yá, Mummy, ẹ máa bọ̀." Mo tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ Bàbá Wàsíù fò kọjá. Àwa méjèèjì pariwo. Mo sọ ìtàn oníṣòwò gẹdú fún un, òun náà sọ fún mi nípa àwọn arúgbó tó ń tọ́jú, àti bí òtútù ṣe ń mú un lẹ́sẹ̀. Ó pẹ́ tí inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀. Ní Walworth Road, ó ń ṣàdúrà fún mi lọ́wọ́ nígbà tí bọ́ọ̀sì kan fọn fèrè lẹ́yìn wa, ó bá sáré sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí Wàsíù pè mí nírọ̀lẹ́, ó béèrè pé ṣé mo dá lọ, mo dá bọ̀. Mo lè parọ́, ta ló rí mi? Ṣùgbọ́n ó nira fún mi láti sẹ́ obìnrin yẹn.

"Mo dá lọ," mo wí. "Mi ò dá bọ̀."

Mo rò fún un látòkèdélẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ ìdí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mummy, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa ń wo road fún Daddy. I was always asleep ní back." Ó ní àdéhùn ni àdéhùn, mo ti pàdánù. Mo ní mo mọ̀. Ó wá béèrè ọjọ́ tí òun lè wá jókòó lọ́tùn-ún.

Ó wá lọ́jọ́ Sátidé, a yí Peckham Rye ká. Kò mọ̀ ọ́n ṣe rárá. "Máa bọ̀" rẹ̀ ń dé lẹ́yìn tí mo ti kọjá tán, ahọ́n òyìnbó ló sì fi ń pè é. Ṣùgbọ́n kò dárúkọ irin àlòkù, kò sì dárúkọ Milton Keynes mọ́ di òní. Nírọ̀lẹ́, ó lọ sílé rẹ̀, èmi gbé ọkọ̀ padà sí gáréèjì.

Kó tó lọ, ó ní kí n sọ orúkọ obìnrin náà fún òun, kí òun lè pè é dúpẹ́. Mo la ẹnu, kò sí orúkọ níbẹ̀. Aunty ni mo pè é látìbẹ̀rẹ̀ dópin, Mummy lòun náà pè mí. Ní Peckham, gbogbo wa ni Aunty, gbogbo wa ni Mummy, a ti bọ̀wọ̀ fúnra wa títí a fi gbàgbé láti béèrè orúkọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí Ọlọ́run bá fi ẹnìkan jókòó tì yín, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí aláṣọ funfun kan lókèèrè ní Walworth Road, mo sọ fèrèsé kalẹ̀, mo pariwo "Aunty!" Obìnrin bíi mẹ́fà ló yíjú padà, gbogbo wọn sì kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kò sí òun láàárín wọn. Mo kí wọn padà, mo gbé fèrèsé sókè, mo sì ń dá rẹ́rìn-ín lọ.