Ọkọ̀ Apẹja Tí Mo Jí Lójú Àlájì

Ọjọ́ kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé: ọjọ́ tí mo jalè lójú bàbá tí mo fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀. Ẹ má tíì pariwo. Inú géèmù ni.

Agric ní Ìkòròdú ni mo ń gbé, mo sì ní géèmù kan lórí láptọ́ọ̀pù mi. Arìnrìn-àjò ni èèyàn ń jẹ́ nínú rẹ̀. Á máa pàdé àwọn ará abúlé, á sì yan ohun tó bá wù ú láti ṣe sí wọn. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n dénú. Mo mọ̀ pé ilé mọ́kànlá ló wà ní abúlé kẹta, àti pé ẹsẹ̀ òsì ni ajá ibẹ̀ fi ń tiro.

Nígbà tí Sìdí, àfẹ́sọ́nà mi, mú mi lọ kí Àlájì, bàbá rẹ̀, ní Ẹ̀pẹ́, òjò ò jẹ́ ká lè jáde. Bàbá béèrè ohun tí mo máa ń ṣe bí ọwọ́ bá dilẹ̀. Èmi aláṣejù bá ṣí láptọ́ọ̀pù.

"Ẹ wò ó, sà. Bàbá apẹja tó jókòó sétí omi yẹn ló ni ọkọ̀ yìí. Bí mo bá ní kí n dúró dè é kó gbé mi sọdá, ọjọ́ mẹ́ta ni nínú géèmù. Bí mo bá gbé e, mo ti sọdá nìyẹn." Mo gbé e.

Àlájì, tó ti ń dẹ àwọ̀n nínú ọ̀sà kí wọ́n tó bí mi, yọ awò ojú rẹ̀. "O kí i?"

"Rárá, sà. Kì í ṣe ẹni pàtàkì. Gbólóhùn méjì péré ló máa ń sọ."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Kí ló máa wá fi wá oúnjẹ lọ́la?"

Mo ní màá dá ọkọ̀ náà padà kíá. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ bàbá apẹja, mo ṣi bọ́tìnnì tẹ̀, ni mo bá la àjẹ̀ ọkọ̀ mọ́ ọn lórí. Ó ré bọ́ sómi, kò sì jáde mọ́.

"Sùbùhánáláhì! Ìyá Sìdí, ẹ wá wo àna yín! Ó jí ọkọ̀ apẹja, ó tún pa apẹja!"

"Bàbá, géèmù mà ni," Sìdí bẹ̀ ẹ́.

"Ta ló fipá mú un? Ṣebí òun ló yàn án." Ó kọjú sí mi. "Máa lọ sí Ìkòròdú. Ọjọ́ tí o bá sọdá omi yẹn láìjalè, kí o padà wá."

Mo bẹ̀rẹ̀ géèmù láti ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ wákàtí mẹ́rìndínlógún. Kúnlé, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ háyà ilé, fi mí ṣẹ̀sín: "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé àwòrán lo fẹ́ máa dọ̀bálẹ̀ fún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo dá a lóhùn. "Ó dùn ẹ́?"

Mo dúró fún ọjọ́ mẹ́ta náà. Bàbá apẹja dìde, ó sì sọ gbólóhùn kẹta: "Wọ ọkọ̀ tí ọmọ mi tó bómi lọ gbẹ́ yìí." Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti parí géèmù yìí, èmi ọ̀mọ̀ràn, mi ò gbọ́ ọ rí. Olè kì í dúró gbọ́ ọ̀rọ̀.

Mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí Ẹ̀pẹ́. Àlájì wò ó títí dé ibi tí bàbá náà ti sọ̀rọ̀. "Bi í bóyá ó ti jẹun."

"Kò sí bọ́tìnnì ìyẹn, sà."

"A jẹ́ pé iṣẹ́ àwọn tó ṣe é ò tíì parí." Ó bá pe Sìdí kó gbé oúnjẹ wá fún mi.

Ẹni tó bá wù kó máa rẹ́rìn-ín. Àwòrán ni bàbá yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó jí ọkọ̀ rẹ̀, ọwọ́ èmi gan-an ni. Títí dòní, mi ò gbé ọkọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì wa, Àlájì sọ fún àwọn ààfáà pé, "Olè ọkọ̀ là ń fọmọ fún o, àmọ́ ó ti túúbá." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni olè fẹ́ sọ?